Ohun Tí Wọ́n Ń Wá Lóko Òkè

Duboška,
ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ọdún 2017

Jelka ọmọ ọmọ mi,

Òtútù ibẹ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé ò ń jẹun? Èmi wà láàyè. Ìbàdí ń ro mí, àwọn adìẹ ń yé, etí mi sì ń di sí i. Tí ènìyàn kò bá pariwo sí mi lójú, mi ò gbọ́ ọ, nítorí náà má ṣe pè mí lórí fóònù Filomena mọ́. Filomena tó ń pín lẹ́tà náà ló ń kọ èyí, èmi ni mò ń sọ ọ́ sí i létí bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo ti ní kó má fi ọ̀rọ̀ dídùn kún un. Tí o bá rí ibi tí mo ti pè ọ́ ní "ọ̀wọ́n mi", òun ló fi síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé. Àwọn ènìyàn kan ń gun òkè lọ sí oko wa, wọn kì í sì í ṣe ará erékùṣù yìí. Wọ́n á bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á gbé fóònù síwájú bí ẹni gbé àwo ọbẹ̀ gbígbóná, wọ́n á máa wo inú rẹ̀ lọ títí wọ́n á fi dé ìdí igi ólífì bàbá àgbà rẹ. Wọ́n á dúró. Wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì bí olè. Tí wọ́n bá rí i pé mò ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń so okùn bàtà. Èwo ni ti okùn bàtà? Ọ̀kan nínú wọn so tirẹ̀ títí mo fi fọ àwo tán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n tú ògiri òkúta níbi kan, àgùntàn Zane aládùúgbò wa sì gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n jẹ ẹ̀fọ́ mi. Mo rò pé àbúrò bàbá àgbà rẹ ló rán wọn wá wọn ilẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ilẹ̀ yẹn láti ìgbà ìsìnkú ọkọ mi. Mo mú ọ̀pá, mo jókòó dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo ní, "Ta ló rán yín? Kí lẹ̀ ń wá nínú oko olóko?"

Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Àpótí Jelka là ń wá."

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá o wá kí mi. O ní o fẹ́ lọ wo ahéré bàbá àgbà rẹ, o sì gbé nǹkan kan sínú àpò lọ. Mo rò pé búrẹ́dì ni. Kí lo gbé lọ síbẹ̀? Tó bá jẹ́ ohun tí ọlọ́pàá lè torí rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn mi, jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu tìrẹ kí n tó gbọ́ ọ lẹ́nu tiwọn.

Má ṣe pẹ́ kí o tó dá mi lóhùn.

Ìyá àgbà rẹ,
Perina


Ireland,
ogúnjọ́ oṣù kẹta, ọdún 2017

Màmá àgbà mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìrora ìbàdí. Ẹ bá mi kí Filomena, ẹ bá mi kí Bàbá Zane, kí ẹ sì bá mi bẹ̀ wọ́n nítorí ọ̀rọ̀ àgùntàn. Mò ń jẹun. Ibi tí mo ti ń di ẹja sínú páálí ni ọwọ́ mi kì í ti í gbẹ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ara mi le.

Kò sí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá níbẹ̀. Eré ni, Màmá. Ènìyàn á fi àpótí kékeré kan pamọ́ síbi tó fẹ́ràn, á kọ ibi tó wà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá wù á sì fi fóònù rẹ̀ wá a kàn. Tó bá rí i, á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé pélébé tó wà nínú rẹ̀, á dá a padà sí àyè rẹ̀ gan-an, á wá sọ fún gbogbo wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé òun ti rí i. Ó parí. Kò sí ẹ̀bùn kankan nídìí rẹ̀. Awápòótí là ń pe ara wa. Ìdí tí wọ́n fi ń so okùn bàtà ni pé a kì í jẹ́ kí òpè mọ ibi tí àpótí wà, kó má baà gbé e lọ. Òpè là ń pe ẹni tí kò sí nínú eré náà. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe èébú.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibí, mi ò mọ ẹnì kan. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá kọjú sí ògiri yàrá títí ilẹ̀ á fi mọ́. Awápòótí kan ló kọ́kọ́ pè mí jáde lọ́jọ́ ìsinmi, a jọ wá àpótí lábẹ́ afárá nínú òjò, a rí i, mo sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ìlú yìí. Nígbà tí mo wá sílé, mo fi tèmi sínú ògiri iwájú ahéré bàbá àgbà. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá rí i, ẹni náà á fi àwòrán òkun ránṣẹ́ sí mi, òkun bí bàbá àgbà ṣe máa ń wò ó láti ẹnu ahéré yẹn. Èmi kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan dúró níbẹ̀ lónìí. Ìyẹn ni mo fi ń rí oorun sùn.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún yín. Òfin wa ni pé ẹni tó fi àpótí pamọ́ gbọ́dọ̀ máa gbé nítòsí rẹ̀, tàbí kó ní alágbàtọ́ níbẹ̀. Orúkọ yín ni mo fi sílẹ̀. Ẹ̀yin ni alágbàtọ́ àpótí mi.

Ohun tó kù nìyí: ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù karùn-ún, àwọn awápòótí fẹ́ ṣe ìpàdé ní oko òkè. Vinko ará ìlú Split lódìkejì omi, onírùngbọ̀n tí ẹ rí yẹn, ló ń ṣètò rẹ̀. Wọ́n á jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì, wọ́n á rojọ́ àpótí, wọ́n á lọ. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má fi ọ̀pá lé wọn.

Ọmọ yín,
Jelka


Duboška,
ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, ọdún 2017

Jelka,

Mo kí ọ. Filomena ka lẹ́tà rẹ fún mi, mo ní kó tún ibi tí òpè wà kà. Mo ti bímọ, mo ti sin ọkọ, láti ìgbà tí orí mi kò tíì tó etí tábìlì ni mo ti ń fi ọ̀pá lu ólífì já lórí igi. Ó wá ku ẹni tó ń so okùn bàtà láìsí okùn lẹ́sẹ̀ kó máa pè mí ní òpè. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

O ní eré ni. Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbi eré rẹ fún ọ. Lẹ́yìn ahéré yẹn ni ìkùdu omi òjò wà. O mọ̀ ọ́n, a máa ń lé ọ kúrò níbẹ̀ nígbà tí o wà ní kékeré. Nígbà tí omi ẹ̀rọ dé Duboška, bàbá àgbà rẹ tẹ́ pákó lé e lórí, ó kúrò níbẹ̀. Pákó yẹn kì í ṣe pákó mọ́. Koríko ti bò ó, àlejò kò ní mọ̀ pé orí ihò ni òun dúró sí. Ìkùdu náà jìn, kò sì sí omi nínú rẹ̀ mọ́ tí ì bá gba ènìyàn, òkúta ló wà nísàlẹ̀. Ewúrẹ́ Zane gba etí rẹ̀ já sínú rẹ̀ nígbà kan, òkú rẹ̀ la fà jáde.

Má bi mí pé kí ló dé tí a kò dí i. Ta ló máa dí i? Ìbàdí mi kò jẹ́ kí n gun òkè mọ́, Zane kò ríran dáadáa. Àwọn tó lè gbé òkúta ní Duboška ti lọ ń di ẹja sínú páálí nílẹ̀ òkèèrè.

Mo rán Zane lọ gbé àpótí rẹ. Ó fi ọwọ́ tọ́ ògiri iwájú títí ó fi rí i. Ó wà lórí tábìlì mi báyìí. Mo ṣí i. Bọ́tìnnì kan, lẹ́ẹ̀dì kúkúrú kan, ẹranko oníke kan tí mi ò mọ ohun tó ń jẹ, àti ìwé pélébé. Zane bi mí pé, "Perina, ṣé ohun tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ wọkọ̀ nìyí?" Mo fẹ́ máa fi kó àlùbọ́sà sí, kò gbà ju mẹ́ta lọ.

Alágbàtọ́ tí o fi mí ṣe ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Sọ fún àwọn ènìyàn rẹ pé ó ti parí. Yọ ọ́ kúrò níbi tí o kọ ọ́ sí yẹn, kí o sì sọ fún onírùngbọ̀n kó wá ibòmíràn jẹ wàràkàṣì.

Wọ ìbọ̀sẹ̀ sí ibi iṣẹ́.

Perina


Ireland,
ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin, ọdún 2017

Màmá àgbà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé mo pẹ́. Inú ló ń bí mi, mi ò sì fẹ́ fi ìbínú kọ̀wé sí yín, mo wá ní kí ó rọlẹ̀. Kò rọlẹ̀.

Ẹ ní Bàbá Zane ti gbé àpótí mi wálé. Mo gbà yín gbọ́. Mo sunkún, mo sì jókòó láti yọ ọ́ kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àfi bí mo ṣe rí i pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun rí i. Mo ní bóyá ó ti lọ ṣáájú Bàbá Zane. Lẹ́yìn náà ẹlòmíràn tún kọ ọ́. Lẹ́yìn Àjíǹde, tọkọtaya kan láti Hungary kọ ọ́ pé àwọn rí i, pé àwọn fi orúkọ sílẹ̀, pé òkun dára púpọ̀. Wọ́n fi àwòrán òkun náà ránṣẹ́. Àpótí ni a kì í yà, kí àṣírí ibi tó wà má baà tú.

Ẹ bá mi sọ ọ́, Màmá. Báwo ni wọ́n ṣe ń rí ohun tó wà lórí tábìlì yín? Ṣé inú ilé ìdáná yín ni wọ́n ń gbà kọjá ni?

Ẹ kò gbé e. Ẹ kàn fẹ́ kí n pa á rẹ́ ni. Ẹ ti ṣe irú rẹ̀ fún mi rí. Lọ́jọ́ tí mò ń kúrò nílé, ẹ ní ọkọ̀ kò ní lọ, kí n lè sùn títí á fi fi mí sílẹ̀. Mo sáré dé èbúté pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.

Ní ti ìkùdu, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn ló wà. Iwájú ni àpótí mi wà. Kò sí ohun tó ń gbé ẹnì kankan dé ẹ̀yìn.

Mi ò ní yọ ọ́. Ìpàdé ọjọ́ Àìkú yẹn ṣì wà. Ẹ kì í gbọ́ fóònù, ẹ kì í fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ibí, ẹ kì í bi mí léèrè ju oúnjẹ àti ìbọ̀sẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo tó so mí mọ́ ilé, ẹ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi.

Jelka


Duboška,
ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún, ọdún 2017

Jelka,

Fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sílẹ̀, o kúkú bá a.

Ìdérí àpótí rẹ ló wà nínú àpòòwé yìí. Orúkọ rẹ wà lára rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ lo fi kọ ọ́. Gbé e sójú, kí o wò ó dáadáa, kí o wá tún pè mí ní onírọ́. Filomena ní kí n fi "mo ní ìfẹ́ rẹ" sí i kó má baà le jù. Mo ní kó kọ ohun tí mo sọ.

Mo bí ìyá rẹ, mo tọ́ ìwọ náà. Tí mo bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ, ojú rẹ ni màá ti gbà á.

Wàyí o, fi ìbínú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o ronú bí ẹni tó lọ síléèwé. Wọ́n ṣì ń wá. Mò ń rí wọn láti ojú fèrèsé. Nígbà tí Zane ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àpótí, àwọn tó kọ́kọ́ lọ sókè pẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ojú kíkorò. Ìyẹn yé mi, wọn kò rí nǹkan. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá báyìí kì í pẹ́, inú wọn sì ń dùn bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Ọ̀kan juwọ́ sí mi. Ẹni tí kò rí nǹkan kì í juwọ́.

Nǹkan kan wà lókè yẹn. Kì í ṣe tìrẹ, nítorí tìrẹ ló wà níwájú mi yìí. Kì í ṣe tèmi. Ta ló fi síbẹ̀, ibo ló sì fi sí? Ìwọ lo mọ eré, ìwọ lo mọ àwọn ènìyàn rẹ. Wádìí lọ́wọ́ wọn. Má jẹ́ kó di ọjọ́ Àìkú yẹn.

Perina


Ireland,
ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù karùn-ún, ọdún 2017
LẸ́TÀ KÁNJÚKÁNJÚ

Màmá àgbà mi,

Ẹ dárí jì mí. Mi ò tíì lè kí yín dáadáa, ẹ gbọ́ èyí ná.

Ìdérí dé ọwọ́ mi láàárọ̀ yìí. Mo pe Vinko lójú ẹsẹ̀. Mo bi í pé, "Vinko, kí lẹ̀ ń rí lókè yẹn?" Ó kọ́kọ́ ń fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀. Ó ní, "Jelka, kí ló dé tí ò ń gbóná báyìí?" Mo tún bi í. Ó wá jẹ́wọ́.

Ó ní nínú oṣù kẹrin òun mú àwọn méjì dání wá láti Split. Wọ́n wá àpótí nínú ògiri iwájú títí, wọn kò rí i. Ohun tó tọ́ kí awápòótí ṣe nígbà náà ni kó kọ ọ́ síta pé òun kò rí i. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ó máa ń dun àwọn tí wọ́n ti rí àpótí púpọ̀ láti kọ ọ́, ó sì ti sọ fún àwọn méjì yẹn pé wọ́n máa rí i. Ó wá mú ike kékeré kan bí èyí tí wọ́n ń kó oògùn sí, ó fi ìwé pélébé sínú rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ dípò tèmi, ó ní kí ìrìn àjò má baà já sásán. Ọ̀pọ̀ awápòótí ló ń ṣe é ní kọ̀rọ̀, ìtìjú ló sì jẹ́ láàárín wa. Ó tún fi ibi tuntun náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ní, "Ibo lo fi sí?" Ó ní, "Ẹ̀yìn ahéré, kí ìyá àgbà rẹ má baà máa rí wa láti ojú fèrèsé. Àwọn pákó àtijọ́ kan wà nílẹ̀ níbẹ̀, abẹ́ wọn ni mo tì í bọ̀."

Màmá, gbogbo àwọn tí wọ́n kọ ọ́ pé wọ́n rí i, orí pákó yẹn ni wọ́n kúnlẹ̀ sí. Tọkọtaya ará Hungary náà pẹ̀lú. Èmi sì ní kò sí ohun tó ń gbé ènìyàn dé ẹ̀yìn.

Mo ti yọ ọ́ kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Vinko ti kéde pé kò sí ìpàdé mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti kó o sínú fóònù rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní mọ̀, ẹni tó sì ti wà lójú ọ̀nà kò ní gbọ́. Vinko fẹ́ wá yọ ike náà fúnra rẹ̀, wọ́n ní afẹ́fẹ́ gúúsù kò jẹ́ kí ọkọ̀ kankan kúrò ní Split. Mo pe fóònù Filomena, kò lọ. Mo pe ilé ìfìwéránṣẹ́, kò lọ.

Ẹ má gun òkè o. Ẹ jọ̀ọ́. Kí Bàbá Zane di ọ̀nà.

Jelka


Duboška,
ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún, ọdún 2017

Jelka,

Mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ rẹ. Afẹ́fẹ́ gúúsù ń jà, kò sí ọkọ̀, kò sí iná, fóònù Filomena ti kú. Ó gun alùpùpù rẹ̀ wá kọ èyí, ṣùgbọ́n lẹ́tà náà kò ní kúrò ní erékùṣù títí òkun á fi rọlẹ̀. Mo mọ̀ pé kò ní bá ọ lásìkò. Mò ń kọ ọ́ kí o lè mọ ohun tí mo mọ̀, tó bá di ọ̀ràn.

Kí afẹ́fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, mo dá a dúró. Mo ní, "Kí lo rí?" Ó ní àṣírí ni. Mo ní, "Èmi ni mo ni ilẹ̀ yìí, ọmọ ọmọ mi ló ni àpótí, ọ̀pá yìí sì wà lọ́wọ́ mi. Ibo ni àṣírí wà níbẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ó súnmọ́ etí mi, ó pariwo pé, "Lẹ́yìn ni, Màmá! Abẹ́ pákó! Mo kúnlẹ̀ lé e, ó sì ń dún lábẹ́ orúnkún mi bí ilẹ̀kùn àtijọ́!"

Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Orúnkún rẹ̀ funfun fún eruku pákó tó ti jẹrà.

Zane wà ní Split, ó lọ fi ojú han dókítà, kò lè padà. Ọjọ́ Àìkú ni ìpàdé rẹ. Tí òkun bá rọlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ kan náà ló máa kó gbogbo wọn dé. Màá ti wà lókè kí wọ́n tó dé. Màá gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Zane. Filomena ní màá kú sójú ọ̀nà. Mo ní kó kọ ìyẹn náà síbẹ̀.

Perina


Duboška,
ọjọ́ kejìlélógún oṣù karùn-ún, ọdún 2017

Jelka,

Lẹ́tà kánjúkánjú rẹ dé láàárọ̀ yìí. Ohun gbogbo ti parí lánàá. Kò sí ẹni tó kú. Mo sọ ìyẹn ṣáájú kí o lè fara balẹ̀ ka ìyókù.

Òkun rọlẹ̀ ní ìdájí. Mo gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, Filomena tì mí lẹ́yìn dé ibi ògiri àkọ́kọ́, ó wá sáré lọ sí èbúté láti dá àwọn tó bá dé dúró. Mo rò pé èmi ni màá kọ́kọ́ dé òkè. Mi ò rántí pé ẹni tó bá ní ọkọ̀ tirẹ̀ kò nílò èbúté. Ará Slovenia kan ti gúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn àpáta pẹ̀lú ọkọ̀ onígbòkun rẹ̀, ó gba ọ̀nà òdìkejì gòkè. Nígbà tí mo yí ẹ̀yìn ahéré, ó ti dojú bolẹ̀ sórí pákó, apá rẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀ dé èjìká, ó ń wá ike.

Mo ní, "Má mira." Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ń sọ nǹkan kan. Mi ò gbọ́. Ó ṣe bí ẹni fẹ́ dìde kí mi. Mo pariwo pé, "Má dìde! Ihò ni!" Mi ò gbọ́ ìgbà tí pákó ya. Ojú rẹ̀ ni mo fi mọ̀. Ẹ̀rín yẹn kúrò níbẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn fi aṣọ nu tábìlì. Pákó abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì wọ inú ihò, àyà rẹ̀ sókè nìkan ló kù níta, ó fi ìgbọ̀nwọ́ há ara rẹ̀ mọ́ etí òkúta.

Ìjánu kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nìkan ni okùn tó wà lọ́wọ́ mi. Mo sọ ọ́ sí i. Kò gbá a mú. Mo tún fà á padà, mo tún sọ ọ́. Ó fi yí ọwọ́ rẹ̀. Mo wá yí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dojú kọ ìsàlẹ̀ òkè, mo fi ọ̀pá nà án. O mọ̀ ọ́n, ẹranko yẹn kì í lọ tí a bá ní kó lọ. Ó dúró. Mo sọ ọ̀rọ̀ sí i tí Filomena kọ̀ láti kọ. Ó dúró. Ọ̀kan nínú ìgbọ̀nwọ́ ọkùnrin náà ti yọ̀. Mo bu ẹranko náà jẹ létí, Jelka, mo fi ìwọ̀nba eyín tó kù lẹ́nu mi bù ú jẹ. Ó fò síwájú, ọkùnrin náà sì jáde bí ẹja. Apá rẹ̀ yẹ̀, awọ àyà rẹ̀ bó. Pákó tó kù wó sínú ihò lójú wa, ike náà bá a lọ. Ọkùnrin náà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo fún un ní ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ, kò lè jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ọlọ́kọ̀ dé. Filomena kò lè dá wọn dúró, wọ́n pọ̀. Wọ́n gbé wàràkàṣì dání, wọ́n ti kúrò nílé kí wọ́n tó gbọ́ pé kò sí ìpàdé mọ́. Zane wà láàárín wọn pẹ̀lú bándéèjì lójú kan. Vinko ló sáré ṣáájú, ó fẹ́ ṣàlàyé. Mo ní kó wo inú ihò ná. Ó wò ó. Ó jókòó sílẹ̀ gbalaja.

Mo ní, "Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn àti máa fi nǹkan sínú ihò, ẹ dìde. Ẹ dí èyí."

Zane bi mí pé òkúta dà. Tí a bá mú ti ògiri, ilẹ̀ gbogbo á wọ́ lọ sínú òkun nígbà òjò. Mo nawọ́ sí ahéré.

Zane ní, "Perina, orí rẹ pé? Kuzma ọkọ rẹ fọwọ́ ara ẹ̀ mọ ọ́n!"

Mo ní, "Kuzma ti kú. Àwọn wọ̀nyí kò tíì kú."

Wọ́n tò látẹnu ahéré dé etí ìkùdu, wọ́n ń fi òkúta lé ara wọn lọ́wọ́. Mo jókòó sórí ìtí igi, mo ń wò ó. Òkúta òrùlé ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ògiri ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ibi tí ó máa ń fi ìgò wáìnì sí. Ọmọbìnrin kan ń sunkún bó ṣe ń gbé tirẹ̀. Mo ní kó lọ sunkún lápá kan, ó ń dá iṣẹ́ dúró. Vinko kò sinmi títí ọwọ́ rẹ̀ fi ṣẹ̀jẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní kó sinmi. Wọ́n parí rẹ̀ kí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ tó dé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n fò lórí rẹ̀. Kò mira.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n ní kí n gbà wọ́n láàyè láti kọ ọ́ síta pé àwọn rí nǹkan, wọ́n ti ṣiṣẹ́ tó. Mo ní, "Kí lẹ rí? Ẹ kọ ọ́ pé ẹ kò rí nǹkan kan." Vinko ló kọ́kọ́ kọ ọ́ síbi tó ti kéde ìpàdé, lójú gbogbo wọn. Wàá ti kà á kí èyí tó dé.

Kò sí ahéré mọ́, nítorí náà. Ilẹ̀ títẹ́jú kan ló wà níbẹ̀. Mo mọ ohun tí ahéré yẹn jẹ́ fún ọ, o ti kọ ọ́ sí mi, Filomena sì kà á dáadáa. Mi ò bi ọ́ kí n tó wó o. Ká ní mo bi ọ́, lẹ́tà á lọ, lẹ́tà á bọ̀, wàá ní kí n dúró, ènìyàn kan á sì ti já sínú ihò kí èsì rẹ tó wọ èbúté. Mi ò bẹ̀ ọ́ nítorí rẹ̀, mi ò sì ní bẹ̀ ọ́.

Òkun ṣì wà níbẹ̀. Ìbàdí mi ti le gbagidi láti àná, mi ò mọ̀ bóyá màá tún gun òkè yẹn láyé mi. Ọkọ̀ ń lọ déédéé báyìí.

Tí o bá fẹ́ bínú, wọ ọkọ̀, wá bínú níbí.

Perina